Ìpara tí Mo Pò fún Àbúrò Mi

Èmi ni mo ṣí akẹtẹ̀ lórí àbúrò mi. Màámi ló ń dé e fún un láti kékeré. Èmi tí mo kàwé ni mo ní kó ṣí i, mo sì tún gbowó lọ́wọ́ àwọn òbí mìíràn kí wọ́n lè ṣí ti ọmọ tiwọn náà. Ìpara ni mo tà fún wọn dípò akẹtẹ̀. Àwọn tó rà á lọ́wọ́ mi pọ̀ ju àwọn tí mo lè wá kàn nílé lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Àfín ni àbúrò mi. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí wa sí, kò sí ẹni tí kò ní ohun tí yóò sọ nípa àfín. Àwọn àgbà ní ẹni òòṣà ni, Ọbàtálá ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn ní ká má ṣe fún un ní iyọ̀ jẹ, pé iyọ̀ ló ń mú kí ara wọn yọ àmì wẹ́wẹ́. Màámi kò dá ti iyọ̀ lóhùn. Inú ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ti ń bù jẹ. Oòrùn nìkan ni màámi bá ṣọ̀tá. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i nígbà tí ọmọ náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀: kí wọ́n tó ti oko dé, gbogbo ibi tí ọ̀já kò bò ti pọ́n, ó sì ti lé ròrò.

Kíjìpá ni màámi ń hun. Aṣọ òfì tí àwọn ọkùnrin ń hun ni ayé mọ Ìsẹ́yìn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà ní òfì tiwọn, èyí tó máa ń dúró lóòró ti ògiri, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń hun kíjìpá. Aṣọ òwú ni, ó nípọn, ó wúwo, kì í sì í gbó bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá nà án sójú oòrùn, ẹ kò ní rí ìmọ́lẹ̀ kankan tó gba inú rẹ̀ kọjá. Òun ni màámi fi rán bùbá ọlọ́wọ́ gígùn àti ṣòkòtò fún àbúrò mi. Ó wá ra akẹtẹ̀ kan lọ́wọ́ àwọn Hausa, etí rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń ṣíji bo èjìká ọmọ náà. Ooru ń mú un, àwọn ọmọ iléèwé sì sọ ọ́ ní Bàbá Àgbẹ̀. Bó bá sunkún wálé, màámi á ní kó gbé ojú wá kí òun wò ó. Á wò ó, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á ní, "Ojú rẹ kò jó. Lọ jẹun."

Èmi ka kẹ́mísírì ní polí. Nígbà tí iṣẹ́ kò jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta òrí. Ṣakí ni mo ti ń rà á, lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ṣe é fúnra wọn, mo sì fẹ́ràn kí n máa jókòó tì wọ́n. Wọn a ṣa èso rẹ̀ lábẹ́ igi lásìkò òjò, wọn a sè é, wọn a sá a, wọn a fọ́ ọ, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó dé, nítorí ọwọ́ ni wọn yóò fi pò ó nínú omi títí tí apá yóò fi máa ro wọ́n. Dúdú ló máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọn a máa pò ó, wọn a máa ta omi tútù sí i, yóò kàn ṣàdédé yí padà, ọ̀rá funfun á léfòó. Ọ̀rá yìí ni wọn a kó sórí iná.

Òrí dára. N kò ní torí àṣìṣe mi ba òrí lórúkọ jẹ́. Ó ń mú awọ tó gbẹ rọ̀, ó ń pẹ̀tù sí ibi tó bá ń yúnni, kò sì sí ìyá ọmọ tuntun tí kò mọ ìwúlò rẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Àwọn olórìṣà pàápàá, òrí ni wọ́n fi ń se oúnjẹ Ọbàtálá dípò epo pupa. Nítorí náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹni òòṣà gan-an ni òrí tọ́ sí, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn létí. Ó dùn mọ́ èmi náà, mo sì rí ọjà nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í po ìpara nìyẹn. Òrí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo fi àdí àgbọn sí i kó lè tètè wọ ara, mo fi omi ewé etí erin sí i, mo fi osùn díẹ̀ sí i kó lè pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi òróró irúgbìn kárọ́ọ̀tì sí i nítorí mo kà á níbì kan pé òróró yẹn nìkan tó SPF 40. Ní ìkẹyìn, mo kán òróró èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè máa ta sánsán. Mo rọ ọ́ sínú agolo pẹlẹbẹ, mo lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, mo sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé: ÀÀBÒ OÒRÙN. KÒ SÍ KẸ́MÍKÀ. SPF 40. Kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Èmi tí mo ka kẹ́mísírì ni mo kọ ọ́ pé kò sí kẹ́míkà, bí ẹni pé òrí fúnra rẹ̀ kì í ṣe kẹ́míkà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí 40 yẹn, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Bí wọ́n ṣe ń wọn SPF ni pé wọ́n á fi ìpara pa ẹ̀yìn àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn, mílígíráàmù 2 lórí awọ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró. Wọ́n á tan iná tó ní irú ìtànṣán tí oòrùn ní sí i. Wọ́n á wo bó ṣe pẹ́ tó kí ibẹ̀ tó pọ́n, wọ́n á fi wé ibi tí wọn kò pa ní nǹkan kan. Bí ìpara bá jẹ́ SPF 30, tí èèyàn sì pa á bó ti yẹ, ìdá 1 nínú 30 ìtànṣán tó ń jóni ló ń ráyè kọjá. Kò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi dán ìpara tèmi wò. Ẹnì kan ló kọ ọ́ pé òróró irúgbìn kárọ́ọ̀tì tó 40, ẹlòmíì dà á kọ, èmi náà dà á kọ, ó wá di ohun tí wọ́n tẹ̀ sára agolo. Ní ti àdí àgbọn, àwọn olùwádìí kan ní Íńdíà tú u sínú ọtí líle, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2010: nǹkan bí 7 ni. Inú ìgò ni wọ́n ti rí 7 yẹn, ara èèyàn kọ́. Èròjà kan wà nínú òrí náà tó ń gba ìtànṣán oòrùn mọ́ra, n kò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bíńtín ni.

Èmi tí mo dúdú lè fi bíńtín yẹn ṣeré. Mẹ́lánìn wà nínú awọ mi, òun ló ń gba ìtànṣán mọ́ra kó tó dé ìsàlẹ̀. Ara àfín kò lè ṣe mẹ́lánìn tó bó ṣe yẹ. Ohunkóhun tí ìpara bá jẹ́ kó kọjá, kò sí olùdènà kankan mọ́ níwájú rẹ̀.

Àbúrò mi ti dàgbà nígbà náà, ó ti wá sí Ìbàdàn, ó ń ṣe POS ní oríta kan. Ẹ mọ bí ibi POS ṣe máa ń rí: tábìlì kékeré, àga oníke, agbòòrùn ńlá aláràbarà kan. Ó ṣì ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, akẹtẹ̀ náà sì ń bẹ lórí rẹ̀. Àwọn tó bá wá gbowó a máa bi í pé ṣé oko ló ti ń bọ̀ ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà tó ń ta aṣọ ní òdìkejì títì, ó wù ú, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin yẹn fi akẹtẹ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀, àbúrò mi kò lè jẹun alẹ́. Mo bá gbé agolo kan fún un.

"Àǹtí mi, ṣé èyí á tó ṣá?"

"Á tó. Pa á láàárọ̀, tún un pa lọ́sàn-án, kí o gbé akẹtẹ̀ yẹn padà fún Màámi."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Ọmọ náà fọkàn tán mi. Kò pẹ́ tó fi ń wọ ẹ̀wù alápá péńpé bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì ń ya fọ́tò rẹ̀ fi polówó ọjà mi.

Ohun tó tàn wá jẹ ni pé ìpara náà ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí àbúrò mi bá gbàgbé ara rẹ̀ lójú oòrùn, awọ rẹ̀ á máa ta á, á pọ́n, òun fúnra rẹ̀ á sá wọ abẹ́ òrùlé. Òrí àti etí erin mọ bí a ti ń pẹ̀tù sí awọ. Wọ́n mú ìta náà kúrò, wọ́n mú pípọ́n náà wálẹ̀. Ìtànṣán tó ń wọlé kò dín kù tó bí a ṣe rò. Oòrùn ṣì ń wọnú sẹ́ẹ̀lì awọ rẹ̀ lọ, ó ṣì ń ba DNA jẹ́, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó pín àti ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́. Bíbàjẹ́ yìí kì í dunni, àkójọ ni, ti òní á lé ti àná. Nígbà tí kò dùn ún mọ́, ó wá ń pẹ́ níta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrora tí mo gbà kúrò lára rẹ̀ gan-an ló ti ń lé e wọlé láti ọjọ́ tó ti ń rìn. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn tó ń ṣe sunscreen ní ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ń jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wọn, pé èròjà tó ń pẹ̀tù sí awọ lè jẹ́ kí nọ́ńbà SPF ga láìjẹ́ pé ó dá ìtànṣán dúró. Bí àwọn tó ní ẹ̀rọ bá lè bá irú rẹ̀ pàdé, kí ni ká ti wá pe tèmi tí mo ń pò ó nínú abọ́ ìfọṣọ?

Ti òróró ọsàn wẹ́wẹ́ ni mi ò rí àwáwí kankan fún. Ara tèmi ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. Nígbà kan tí a ń dáná ìgbéyàwó níta gbangba, èmi ni mo ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹja. Omi rẹ̀ ṣàn dé ọrùn ọwọ́ mi, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú oòrùn. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ibẹ̀ lé ròrò, ó wá di ìlà dúdú tó bá ipa tí omi náà gbà lọ gẹ́lẹ́, ó sì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Èròjà kan wà nínú omi àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, furanocoumarin ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ti kàn án lára awọ, jíjó ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo tún kán an sínú ìpara tí mo ní kí àfín máa pa jókòó sójú oòrùn, nítorí òórùn dídùn. Díẹ̀ ni mo fi sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò ní nǹkan tó ń wá níbẹ̀.

Tábìlì àbúrò mi kọjú sí àríwá. Láti ọ̀sán lọ títí di ìrọ̀lẹ́, agbòòrùn kò lè bo etí òsì rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Èépá kan ni, kò tó hóró ìrẹsì, ó wà ní òkè etí, ó máa ń ha èèyàn lọ́wọ́. Bó bá ṣí i, á ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, á tún dì padà. Mo ní aṣọ ìnura rẹ̀ tó le ló ń họ ọ́. Mo fi òrí pa á. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ san, ó tún yọ. Mo fi osùn kùn ún. Nígbà tó di egbò tí bèbè rẹ̀ wú tí àárín rẹ̀ jìn, mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé kan, ẹlẹ́wé fún wa ní àgúnmu àti èyí tí a ó máa lẹ̀ mọ́ ọn. N kò ní di ẹ̀bi ru ẹlẹ́wé náà, ohun tí mo sọ fún un ló tẹ̀lé: mo ní eéwo ni.

Ní gbogbo àsìkò yìí, màámi ń pè lórí fóònù láti Ìsẹ́yìn. Kò sí ìgbà tí kò ní béèrè.

"Ṣé ó ń dé akẹtẹ̀ rẹ̀?"

"Ó ń dé e, Màámi."

Mo pa irọ́ yẹn fún ìyá mi léraléra. Mo lè di ẹjọ́ SPF ru àìmọ̀. Irọ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n nírọ́ kí n tó pa á.

Nígbà tí kókó kan yọ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ lápá òsì, tó le, tí kò sì dùn ún, ẹ̀rù tó bà mí. Dókítà awọ tó wò ó kò pariwo mọ́ wa. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀ kiri, ó ní kí ni a fi ń pa á. Mo gbé agolo náà sórí tábìlì. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí i padà ka ohun tí mo kọ.

"Ta ló wọn 40 yìí?"

Mi ò lè dáhùn. Àbúrò mi wo ojú mi. Mo rò pé ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀.

Wọ́n gé díẹ̀ lára egbò náà lọ yẹ̀ wò. Squamous cell carcinoma ni wọ́n kọ sórí ìwé, oríṣi jẹjẹrẹ awọ tó wọ́pọ̀ jù lọ lára àfín nílẹ̀ Áfíríkà. Ojú, etí, ètè àti ọrùn ló ń kọlù jù, ibi tí oòrùn ń rí. Dókítà ní bí a bá tètè dé ni, nígbà tó ṣì jẹ́ èépá, iṣẹ́ abẹ kékeré ni, à bá sì darí sílé lọ́jọ́ yẹn. Ó ti wọ kókó ọrùn kí a tó dé. Wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú etí náà, wọ́n la ọrùn, wọ́n kó àwọn kókó ibẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán tọ́jú ibẹ̀. Ilẹ̀ tí mo rà sí ọ̀nà Mọ́níyà lọ sí i, owó ọjà mi lọ sí i, ẹ̀rọ POS rẹ̀ náà lọ. Ó wà láàyè. Apá òsì ètè rẹ̀ kò gbéra dáadáa mọ́ bó bá ń rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kan wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ojú àfín kì í sábà ríran jìnnà, awò ojú ni àbúrò mi fi ń ka owó. Bí wọ́n ṣe gé etí yẹn tán, kò sí ibi tí apá awò náà yóò fi kọ́ mọ́. Ó gbìyànjú sẹ́lótéèpù, kò dúró. Nísinsìnyí, ó fi rọ́bà ṣòkòtò so ó yípo orí, lábẹ́ akẹtẹ̀. Láràárọ̀, kó tó jáde, ó máa ń dúró níwájú dígí, á máa fa rọ́bà yẹn sọ́tùn-ún sósì títí awò á fi gún régé. Èmi náà máa ń wà nílé nígbà yẹn, a jọ ń gbé ni. N kì í lè wò ó.

Màámi wá kí i. Ó wo ojú egbò náà dáadáa bó ti máa ń wò ó nígbà èwe rẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, "O ní ó ń dé e." Kò tún sọ̀rọ̀ mìíràn lórí rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó lọ kàwé tó yẹ kí n kà kí n tó gbé ìkòkò kaná. Ní 1975, Dókítà A. N. Okoro tẹ ìwádìí kan jáde lórí àfín tó ju 1,000 lọ ní Nàìjíríà. Nínú gbogbo wọn, kò rí ẹyọ ẹnì kan tó ti lé ní ọmọ 20 ọdún tí ara rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ awọ tàbí àpá tó lè di jẹjẹrẹ. Ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, ara àwa ló ti ṣe é, wọn kò sì tíì bí mi nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbà tí mo ń wá nọ́ńbà tí n ó kọ sára agolo, n kò wá irú èyí.

Mo bi dókítà náà pé ṣé kò wá sí ewé kankan tó lè ṣe é ni. Ó ní ewé tó lágbára wà, agbára rẹ̀ gan-an ni ká bẹ̀rù. Ó sọ̀rọ̀ koríko kékeré kan fún mi, Euphorbia peplus, ìdílé kan náà ni òun àti emi-ilẹ̀ tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wa, wàrà funfun ló ń jáde lára rẹ̀ bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ. Àwọn ará Ọsirélíà ti ń fi wàrà yẹn kan àpá oòrùn lára wọn tipẹ́. Àwọn onímọ̀ fa èròjà inú rẹ̀ yọ, wọ́n dán an wò dáadáa, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2012 gẹ́gẹ́ bí oògùn tí wọ́n ń fi pa àwọn àpá tó lè di jẹjẹrẹ. Picato ni wọ́n ń pè é. Ní 2020, àjọ tó ń rí sí oògùn nílẹ̀ Yúróòpù dá a dúró, nítorí wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ máa fa jẹjẹrẹ awọ sí ibi tí wọ́n bá pa á sí. Oògùn tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ yẹ̀ wò nìyẹn o. Ewé kan tún wà láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń rọ sínú kápúsù, Polypodium leucotomos, ó máa ń dín jíjó oòrùn kù díẹ̀ fún ẹni tó bá gbé e mì. Àfikún ni wọ́n fi í ṣe, kì í gba ipò aṣọ.

Èrò tèmi ni pé a ti ní tiwa nínú ilé, a kàn ń wá ohun tó wà nínú agolo ni. Inú òwú ni kíjìpá ti wá, inú koríko ni akẹtẹ̀ ti wá, abẹ́ igi ọdán sì ń bẹ níwájú ilé. Ọjọ́ tí dókítà ń kọ ohun tí àbúrò mi gbọ́dọ̀ máa ṣe fún wa, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó nípọn ló kọ́kọ́ kọ, akẹtẹ̀ tó fẹ̀ ló tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta ni pé kó sá fún oòrùn láti aago 10 òwúrọ̀ títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ tí òfuurufú ṣú náà wà nínú rẹ̀ nítorí ìtànṣán ń gba inú kùrukùru kọjá. Sunscreen tó jẹ́ SPF 30 sókè ló kọ kẹ́yìn, fún ojú, ọwọ́ àti ọrùn tí aṣọ kò bá bò, kí ó máa tún un pa ní wákàtí méjì méjì. Ó wọ́n lọ́jà wa, irọ́ kọ́. Ní Moshi ní Tanzania, lẹ́bàá òkè Kilimanjaro, wọ́n ń ṣe èyí tí wọ́n pò fún àfín ní tààràtà, Kilisun lorúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí a ní irú rẹ̀ níbí, kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n sì wọ̀n ọ́n.

Mo ti ń wá àwọn tó ra ìpara mi kiri. Àwọn kan dá a padà, mo san owó wọn. Ìyá kan ní ìlú Ọ̀yọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ òun ti ń pa á ló ti ń lè gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí n má wá ba ayọ̀ ọmọ òun jẹ́. Mo fi fọ́tò etí àbúrò mi hàn án lórí fóònù. Ó ní bóyá àbúrò mi kò pa á dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fi tajà fún un ló fi dá mi lóhùn. Mo ti padà lọ síbẹ̀, n ó tún padà lọ.

Ẹ̀yin tí agolo pẹlẹbẹ oníbébà aláwọ̀ ewé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, irọ́ ni SPF 40 tó wà lára rẹ̀, èmi ni mo pa á. Ẹ má fi pa ara tó ń jáde sójú oòrùn mọ́, ti ẹni dúdú tàbí ti àfín, nítorí ọsàn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Ẹ dà á nù, kí ẹ wá gba owó yín. Bí ọmọ yín bá jẹ́ àfín, ẹ wo ẹ̀yìn etí rẹ̀, ètè rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá rí èépá tàbí egbò tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò jinná, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn tó ní dókítà awọ, kí ẹ sì dé akẹtẹ̀ fún un kí ẹ tó jáde.